Abẹ́rẹ́ Àtọ̀gbẹ àti Bárakú Tramadol: Ohun tó Yẹ kí Ilẹ̀ Ẹ̀gbá Béèrè

  Ìgbìmọ̀ tó pè mí wá sí ìpàdé yìí ní Kọ́bapẹ́ fi ìbéèrè kan sínú ìwé ìpè wọn, bí ìyá kan ṣe bi wọ́n gan-an ni wọ́n ṣe kọ ọ́: "Wọ́n ní abẹ́rẹ́ táwọn olówó ń gún kí ọ̀rá ara wọn lè dín kù ń mú kí ọmọ jáwọ́ nínú tramadol. Ṣé òótọ́ ni? Níbo la ti lè rí i rà?"

Apá àkọ́kọ́ ìbéèrè yẹn, n ó dáhùn rẹ̀ débi tí ìmọ̀ dé lónìí. Apá kejì, n ó bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì rà á, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn, nítorí mo gbà pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Iṣẹ́ apòògùn ni mo ń ṣe. Ẹ̀yìn káńtà ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́kùnrin kan á wọlé, eruku sìmẹ́ńtì á wà lápá rẹ̀, kò ní pe orúkọ oògùn kankan. Á kàn tẹ̀ síwájú, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, tú-tú-fáìfù ńkọ́?" Tramadol oní-225 mílígíráàmù ló ń béèrè. Èyí tí àjọ NAFDAC fọwọ́ sí ní orílẹ̀-èdè yìí kò ju 100 lọ, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síwèé kí a tó tà á. Ẹni tó bá ní 225 tàbí 250 lọ́wọ́, ọjà fàyàwọ́ ló ní lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà ló wà nínú hóró rẹ̀.

Kí ló gbé e débẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ojú títì Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Iṣẹ́ tó wà fún ọ̀dọ́ níbí, iṣẹ́ agbára ni: gígé búlọ́ọ̀kù, kíkó òkúta àti yanrìn sọ́kọ̀, wíwa ọ̀kadà láti ìdájí títí di alẹ́, kíkórè ìrẹsì lọ́nà Òfadà. Ẹ̀yìn ń ro ó, ẹnì kan sì fún un ní ẹyọ kan. Ìrora lọ, ó rẹ́rù ju ti àná, ó rówó ju ti àná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹyọ kan kò ràn án mọ́. Ó di méjì, ó di mẹ́rin, ó di káàdì kan lóòjọ́. Ọjọ́ kan wá dé tí kò rí i rà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ń yán léraléra, imú ń ṣomi, ojú ń ṣomi, òtútù ń mú un nínú oòrùn, inú ń lọ́ ọ, orúnkún ń ro ó, oorun kò sì wá lóru. Bí ó bá rí ẹyọ kan gbé mì ní àkókò yẹn, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìgbádùn ti kúrò ńbẹ̀. Kí ara lè dára tó láti dìde nílẹ̀ ló kù tó ń lò ó fún.

Tramadol tún ní tirẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní tó o. Bí ó bá pọ̀ lára, ó máa ń fa gìrì, àgbàlagbà á ṣubú sójú títì, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó tún lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn, a ó padà sí i.

Àwọn onímọ̀ kó tramadol pọ̀ mọ́ kodín, mọfíìn, heroin àti fentanyl, wọ́n ń pe gbogbo wọn ní opioid, nítorí ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló gbé tramadol sọ́jà lọ́dún 1977, fún ìrora ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, àti àjọ UNODC ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, wọ́n rí i pé 14.3 mílíọ̀nù ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló ti lo oògùn olóró tàbí oògùn tí dókítà kò kọ fún wọn láàárín ọdún kan. Nínú wọn, 4.6 mílíọ̀nù ló lo opioid lọ́nà tí kò bá ìṣègùn mu, tramadol sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Àwọn tó ń mu omi ikọ́ oníkodín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.4 mílíọ̀nù. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ti àwa Yorùbá, ni iye àwọn tó ń lo oògùn ti ga jù: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ju ẹnì kan lọ nínú márùn-ún.

Ìjọba kò kàn jókòó, ká má purọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ BBC tú àṣírí àwọn tó ń ta kodín lábẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkodín àti gbígbé e wọlé. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, ìjọba Íńdíà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú tramadol wa ti ń wá, fi í sábẹ́ òfin oògùn olóró tiwọn. Àmọ́ bí a ṣe ń di ihò kan ni òmíràn ń là. Ní oṣù kejì ọdún 2025, BBC tún gbé ìwádìí jáde nípa hóró tí wọ́n ń po tapentadol àti carisoprodol pọ̀ sí, tí ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, Gánà àti Côte d'Ivoire. Ẹni tí bárakú ti mú kì í bá òfin jà. Yóò wá nǹkan mìíràn lò ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú fi gbọ́dọ̀ ká wa lára ju ọ̀rọ̀ mímú àti títì mọ́lé lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí abẹ́rẹ́ náà.

Nígbà tí a bá jẹun, ìfun wa máa ń tú họ́mọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GLP-1. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ń mú kí ara tú ínsúlìn jáde kí ṣúgà má bàa pọ̀ lẹ́jẹ̀, ó ń dá oúnjẹ dúró díẹ̀ nínú ikùn, ó sì ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé a ti yó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ń lò lára kó tó pòórá, nítorí náà kò ṣeé fi ṣe oògùn bó ṣe wà. Lọ́dún 1992, dókítà kan ní New York, John Eng, rí ohun tó jọ ọ́ nínú oró alángbá kan tó ń gbé aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Gila monster. Ti alángbá yìí kì í tètè pòórá. Láti ara rẹ̀ ni oògùn exenatide ti wá, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àtọ̀gbẹ lọ́dún 2005. Liraglutide tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà semaglutide, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2017 fún àtọ̀gbẹ lábẹ́ orúkọ Ozempic, àti lọ́dún 2021 fún dídín sísanra kù lábẹ́ orúkọ Wegovy. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, sí ikùn tàbí itan, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì ń gún ara rẹ̀.

Bí oògùn náà ṣe tàn kálẹ̀, àwọn tó ń gún un bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn fún dókítà wọn: ọtí kò wù wọ́n mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, sìgá kò wù wọ́n mọ́. Kò ya àwọn tó ń fi eku ṣèwádìí lẹ́nu, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé ibi tí GLP-1 ti ń ṣiṣẹ́ kò mọ sí ikùn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí ọpọlọ ti ń gba ìgbádùn, níbi tí ebi, òùngbẹ àti ìfẹ́ oògùn ti ń pàdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Patricia Grigson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Penn State, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ti fi eku tí wọ́n kọ́ ní heroin àti fentanyl dán an wò. Nígbà tí wọ́n gún eku wọ̀nyẹn ní oògùn onírú GLP-1, wíwá tí wọ́n ń wá oògùn olóró náà kiri dín kù. Èrò Grigson ni pé bárakú ti sọ oògùn di ohun tí ara kà sí kò-ṣeé-máà-ní, bí oúnjẹ àti omi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ fún ara pé "ó tó" lè ràn án lọ́wọ́.

Èrò yìí wọ̀ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kó wọ ẹ̀yin òbí náà lọ́kàn. Ọmọ tó jí owó ọjà ìyá rẹ̀ lọ ra káàdì kan, a ń nà án, a ń gbàdúrà lé e lórí, a ń sọ pé ọ̀lẹ ni, pé ẹgbẹ́ burúkú ló ń kó. Ohun tí onímọ̀ yìí ń sọ ni pé ebi kan wà lára ọmọ náà tí oúnjẹ kò lè pa, ebi náà sì ní ibùjókòó nínú ọpọlọ tí a lè fi oògùn kàn. A kò sọ pé kó má jíhìn owó ìyá rẹ̀. À ń sọ pé ẹgba kò dé ibi tí àrùn náà wà.

Ìdánwò lára ènìyàn ṣì kéré gan-an. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Grigson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú kan ní Pennsylvania. Nǹkan bí 20 ènìyàn tí bárakú opioid mú ni wọ́n fi ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gún àwọn kan ní liraglutide, wọ́n gún àwọn yòókù ní omi lásán tí kò ní oògùn, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n ń gún òun. Lára àwọn tó gba oògùn, bí ara ṣe ń béèrè opioid fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó gba omi lásán. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ogún ènìyàn ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú alárùn bárakú rí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì já mọ́ nǹkan kan.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìwádìí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Addiction. Fares Qeadan ti yunifásítì Loyola ní Chicago ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn àwọn 503,747 ènìyàn wò ní Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ló ní bárakú opioid. Àwọn tí dókítà ti kọ oògùn onírú GLP-1 fún nínú wọn, bóyá nítorí àtọ̀gbẹ tàbí nítorí sísanra, ju 8,000 lọ díẹ̀. Iye ìgbà tí àlòjù opioid ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn yẹn fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù.

Ẹ rọra o. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n kà, wọn kò dán ẹnikẹ́ni wò. Ẹni tó rí Ozempic gbà ní Amẹ́ríkà, ó ní ìwé adójútòfò ìlera, ó ní dókítà tó ń rí déédéé, ó ṣeé ṣe kó ní ilé àti iṣẹ́. Bí a bá ka àwọn ọmọ tó ń wọ bàtà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí a rí i pé wọ́n mọ̀wé ju àwọn tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lọ, a kò ní sọ pé bàtà ló kọ́ wọn níwèé. Qeadan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sapá láti yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìṣirò wọn, ṣùgbọ́n ìṣirò kò lè yọ ọ́ tán.

Ti ọtí tún kọ́ wa ní sùúrù. Ní Denmark, wọ́n fi exenatide tọ́jú ọ̀mùtí fún ọ̀sẹ̀ 26, ènìyàn 127 ni wọ́n, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2022. Lápapọ̀, oògùn náà kò sàn ju omi lásán lọ. Àwọn tó sanra gan-an nínú wọn nìkan ni ọtí wọn dín kù. Lọ́dún 2025, ìdánwò mìíràn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi semaglutide ṣe fún ènìyàn 48, fi hàn pé ọtí tí wọ́n ń mu lẹ́ẹ̀kan náà dín kù. Èyí gbè é, èyí kò gbè é. Bí ìmọ̀ ṣe ń rìn nìyẹn nígbà tó bá ṣì wà lọ́nà. Ìdí nìyí tí Penn State àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi gbé ìdánwò tó tóbi sí i kalẹ̀ fún opioid: ènìyàn 200, semaglutide ní ọwọ́ kan, omi lásán ní ọwọ́ kejì.

Níbi ìdánwò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dá ẹsẹ̀ dúró sí. Àwọn 200 yẹn, ẹni tó ti wà lórí ìtọ́jú ni wọ́n. Wọ́n ti ń gba methadone tàbí buprenorphine, oògùn méjì tí ayé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ pé wọ́n ń dá ẹ̀mí alárùn opioid sí. Àjọ WHO ti fi méjèèjì sínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣeé-máà-ní láti ọdún 2005. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń wádìí bóyá semaglutide lè fi kún un. Ìyá tó ń béèrè níbí bóyá kí òun ra abẹ́rẹ́ náà fún ọmọ òun, òrùlé ló fẹ́ rà, ògiri kò tíì sí. Methadone àti buprenorphine ló yẹ ká kọ́kọ́ máa pariwo lé lórí ní Nàìjíríà, nítorí àwọn tó ń rí wọn gbà níbí kò pọ̀ rárá. Ìwádìí ọdún 2018 tí mo mẹ́nu bà sọ pé nínú àwọn tí lílo oògùn ti wọ̀ lára jù, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ ìtọ́jú tí wọn kò rí i.

Ìdí kejì tí mo fi ní kí ẹ má rà á, ara ọmọ náà ni. Àwọn tí wọ́n dán abẹ́rẹ́ yìí wò lára wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló sanra. Àwọn ọmọ tí èmi ń rí níwájú káńtà ti rù, egungun ọrùn wọn yọ. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń gbé búlọ́ọ̀kù. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ebi, tó ń mú kí ẹran ara fà, kí la fẹ́ fi ṣe lára irú wọn? Ó tún ń fa èébì àti inú rírun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ń mú kí ìgbẹ́ gan. Tramadol fúnra rẹ̀ ti ń mú kí ìgbẹ́ gan tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ṣúgà tí mo ní kí ẹ rántí kún un: oògùn kan tó lè mú ṣúgà wálẹ̀, lára ẹni tí kò jẹun, pẹ̀lú oògùn àtọ̀gbẹ tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó. Semaglutide nìkan kì í sábà mú ṣúgà lọ sílẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí ọmọ náà ti pò pọ̀? Ẹni tó ń mu omi gọ́tà, ohun márùn-ún ló wà nínú ìgò kan ṣoṣo.

Owó ńkọ́? Owó abẹ́rẹ́ oṣù kan ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 lọ, ìyẹn 70,000 náírà. Níbi tí ojúlówó bá sì ti wọ́n, ayédèrú á dé kíákíá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, WHO kéde fún gbogbo ayé pé àwọn ti rí ayédèrú Ozempic ní Brazil, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá lè wọ Ìlú Ọba, ẹ̀yin ẹ wo ọjà tiwa.

Owó yìí kò ní wà bẹ́ẹ̀ títí ayé ṣá. Lọ́dún 2026, ẹ̀tọ́ ilé iṣẹ́ tó ni semaglutide ń tán ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, Íńdíà sì wà lára wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà ti múra láti ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. WHO pẹ̀lú ti fi í sínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣeé-máà-ní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, fún àwọn alátọ̀gbẹ kan. Láti Íńdíà tí tramadol ti gbà wọlé wá ni abẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú yìí yóò ti gbà wọlé. Kò ní pẹ́ dé Kútọ̀, dé ojú títì Kọ́bapẹ́. Bí a kò bá ní ìmọ̀ tiwa nílẹ̀ kó tó dé, ẹni tó ń ta paraga ni yóò máa sọ iye tó yẹ kí ọmọ wa gún.

Nítorí náà ni mo ṣe ní a ní ohun kan láti béèrè. Kí wọ́n wá dán oògùn yìí wò níbí, lára alárùn tramadol, lábẹ́ ojú dókítà tiwa, kí ibùjókòó ìdánwò náà sì jẹ́ Abẹ́òkúta.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Abẹ́òkúta? Torí pé a ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro nílùú náà. Kò dúró kí wọ́n kọ́ gbogbo ilé tán. Ó mú àwọn aláìsàn ọpọlọ lọ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ní kí ará abúlé gbà wọ́n sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á jọ rìn lọ gba ìtọ́jú. Lọ́sàn-án, wọ́n á padà sí abúlé, aláìsàn á bá onílé rẹ̀ dé oko, á bá wọn ṣọdún, á bá wọn ṣòkú. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n fi kọ́ yàrá sí i, ó bá wọn mójú tó omi àti ẹ̀fọn. Lambo ń bá àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ láìtijú. Lọ́dún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun pé jọ sí Abẹ́òkúta láti wá wo bó ṣe ń ṣe é. Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ yunifásítì Cornell láti Amẹ́ríkà wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n bá Aro ṣèwádìí, tí wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1963.

Ọ̀rọ̀ bárakú pàápàá, Aro ló tètè kọ nípa rẹ̀. Dókítà Tọ́lání Asuni gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí wàhálà igbó ní Nàìjíríà lọ́dún 1964, nínú ìwé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró. Lambo tẹ̀lé e lọ́dún 1965 nínú ìwé kan náà, lórí bárakú oògùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Títí dòní, ẹ̀ka kan wà ní Aro tó jẹ́ ti ìtọ́jú, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí lórí oògùn olóró, DATER ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí Lambo rí ni pé oògùn àti ẹbí gbọ́dọ̀ jọ rìn. Òun ni mo rò pé ó kù nínú ìdánwò Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wọn bí opioid ṣe ń wu ènìyàn tó, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wò, ó dára. Àmọ́ ní Kọ́bapẹ́, ọmọ tí ara rẹ̀ ti fúyẹ́ yóò padà sí ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù, ìrora ẹ̀yìn yóò padà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì na ẹyọ kan sí i. Ìdánwò tiwa gbọ́dọ̀ bi í pé: ta ló ń bá a gbé? Irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Kí ló ń lò fún ìrora ẹ̀yìn tí kì í ṣe opioid? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àfikún lẹ́yìn ìṣègùn. Ìṣègùn ni wọ́n.

Tí wọ́n bá gbà láti wá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ wa ṣe eku. Kí aláìsàn fúnra rẹ̀ gbà, ní èdè Yorùbá tó yé e. Bàbá tí inú ń bí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nítorí ọmọ tó ti pé ọdún 18. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún gbogbo wọn ní ìtọ́jú tó múnádóko, buprenorphine tàbí èyí tó bá tramadol mu, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kún un. Kí wọ́n má ṣe gún ẹni tó ti rù jù. Bí ó bá ṣiṣẹ́, kí àwọn tó fi ara wọn sílẹ̀ máa rí i gbà lẹ́yìn ìdánwò. Àbọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà wá sí gbọ̀ngàn yìí, kì í ṣe sí ìwé ìròyìn òkè òkun nìkan.

Kó tó di ìgbà yẹn, ohun méjì wà tí ẹ lè ṣe láti alẹ́ òní. Bí ọmọ yín bá gbà pé òun fẹ́ jáwọ́, ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró fún un lójijì nílé, nítorí gìrì àti ìbànújẹ́ tó lè tẹ̀lé e. Ẹ bá a lọ sí Aro, kí ẹnì kan tó ń bá a gbélé tẹ̀lé e, kí ó mú páálí ohun tó ń lò dání kí dókítà lè mọ ohun tí òun ń bá jà.

Èkejì, bí ẹ bá rí ẹni tó ti lò ó jù: mímí rẹ̀ á lọ́ra, á máa han-run lọ́nà tó ṣàjèjì, ètè rẹ̀ á dúdú, ẹ pè é kò dáhùn. Ẹ má ṣe da epo pupa, mílíìkì tàbí omi iyọ̀ sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun là, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone, tó lè dá mímí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin káńsílọ̀ tó wà níjòókòó, kí ẹ fi naloxone sí ìwé ohun tí ẹ fẹ́ béèrè fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé Kọ́bapẹ́ nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú owó tí a ó fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó.